Ríìmù Hilux mi fọ́ lọ́nà Kìṣí: ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ sì sọ tiyín

Bàbá Kajú, Ìgbòho:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín pátá. Ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù méjì yìí nítorí ẹsẹ̀ mọ́tò kan ṣoṣo, mi ò lè dá a gbé mì. Ẹ fún mi láyè kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ti kó sí irú rẹ̀ rí bá mi fi tirẹ̀ kún un.

Iṣẹ́ kajú ni mò ń ṣe. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún ọdún, inú oko ni mo máa ń wà. Mo ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìgbòho dé Kìṣí, nígbà mìíràn mo máa ń dé Ìgbẹ́tì. Hilux 2008 ni mò ń wà. Ọ̀nà tí mò ń tọ̀, tí òjò bá ti gbá a lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kékeré kò lè gbà á mọ́: ẹ óò já sínú igbó, ẹ óò gorí àpáta, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ sínú odò gbígbẹ, kí ẹ tó tún rí ojú ọ̀nà gidi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àpò kajú mẹ́wàá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, mò ń ti Kìṣí bọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó òkúta mábù Ìgbẹ́tì wà níwájú mi, eruku rẹ̀ bo gbogbo ojú ọ̀nà. Ó yẹ kí n dúró kí eruku lọ. Mi ò dúró. Ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì já sínú kòtò, mo gbọ́ "gbàù!", sítíárì fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, táyà ti jókòó sílẹ̀ pátápátá. Etí ríìmù ti kán kúrò, ibi tó kán fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo fi èékánná tọ ipasẹ̀ ibi tó ti sán: ó gba etí wọnú, ó rìn gba ara ọ̀kan nínú apá ríìmù náà, ó ku díẹ̀ kó dé ihò nọ́ọ̀tì. Ríìmù álọ́ì ni, irin funfun tí wọ́n yọ́ dà, kì í ṣe onírin. Mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí kò tún lọ síbì kan mọ́.

Sípíà wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣéènì tó gbé e rọ̀ ti dípẹtà, irin tí à ń fi yí i kò yí. Ọmọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà ló bá mi wọ abẹ́ ọkọ̀. A da dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sára ṣéènì náà, a ń yí i síwá, a ń yí i sẹ́yìn, ó lé ní wákàtí kan kó tó gbà. Ríìmù onírin ni sípíà yẹn, ó wọ̀ dáadáa, Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn àti ìyẹ̀pẹ̀ yẹn, nọ́ọ̀tì méjì sọnù. Ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, wẹ́dà kan ní òun á jó ríìmù náà pọ̀, òun á fín ọ̀dà sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Fọ́kanáísà mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ríìmù onírin, bó bá wọ́, òòlù á dá a padà, ṣùgbọ́n álọ́ì kì í gbọ́ tòòlù. Ó tún ní ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ń rọ́ lọ bá nígbàkigbà tí èèyàn bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kéèyàn ti dán irin jíjó wò. Mo gbọ́ tirẹ̀.

Bí mo ṣe gba Ìbàdàn lọ nìyẹn, mo kọrí sí Àrárọ̀mí ní Gate. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ríìmù wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń tà á pé ríìmù oníhò mẹ́fà ni mò ń wá, íńṣì 16, pé 265/70R16 ni ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà mi. Ríìmù mi tó fọ́ ńkọ́? Mo ti fi í sílẹ̀ nílé, mo ní kí ni n ó máa gbé ẹrù wúwo bẹ́ẹ̀ wọkọ̀ èrò fún. Ó mú ọ̀kan jáde tó ń dán bí àwo ìyàwó tuntun. Ó fa tépù yọ níwájú mi, ó wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín ihò tó dojú kọ ọ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mìlímítà 140. Iye tó jẹ́ gan-an ni 139.7, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Hilux. Ọkàn mi balẹ̀. 40,000 náírà ló pè é, a ná an dé 32,000.

Ó délé, kò wọlé. Fọ́kanáísà gbé e sókè, àwọn bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọjú síhò wọn ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n ríìmù náà dúró gbọnin níwájú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín tí bóòtù wà lára rẹ̀, ó kọ̀ kò tẹ̀ síwájú. A yí i po, a tún un gbé, ibi tó dúró sí náà ló dúró sí. Ìgbà yẹn ni fọ́kanáísà sọ ọ́ kalẹ̀, tó fi tépù lé ihò ńlá tó wà láàárín. Mìlímítà 67 ni. Ó wọn orí họ́ọ̀bù Hilux mi tó yọ síta: 106. Ríìmù Pajero, jíìpù Mitsubishi, ni wọ́n tà fún mi. Pajero àti Hilux, ihò nọ́ọ̀tì wọn kan náà, jíjìnnà ihò síra wọn kan náà, àmọ́ àárín wọn kò bára wọn mu rárá. Ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ ihò àárín létí mi rí. Gbogbo wa, "oníhò mẹ́fà", "oníhò márùn-ún" là ń pè é, a sì rò pé ó parí síbẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gẹ irin, kí wọ́n gẹ ihò náà fẹ̀ títí yóò fi gba họ́ọ̀bù. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe é, torí owó ti jáde lọ́wọ́ mi. Mẹkáníìkì àgbà kan ládùúgbò wa ló fi ẹfun ya ibi tí ihò náà máa dé sára ríìmù, ó ní kí n tẹ̀ síbí kí n wò ó. Láti ẹnu ibi tó yà yẹn sí ẹnu ihò nọ́ọ̀tì, irin tó máa ṣẹ́ kù kò tó ìbú ìka ọwọ́ kan. "Ṣé èyí ni ẹ fẹ́ kó gbé àpò kajú mẹ́wàá?" Mo palẹ̀ ríìmù mi mọ́.

Mo padà sí Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé èyí tó fọ́ dání. Ọkùnrin náà kò bá mi jà, ó ní òun náà kò mọ̀, oníhò mẹ́fà ni mo béèrè. Kò ní owó láti dá padà fún mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó fi mí mọ aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ojúlówó ríìmù Toyota tòkunbọ̀. Ríìmù Prado ni ìyẹn mú wá. A da méjèèjì délẹ̀, a gbé ọ̀kan lé orí èkejì, ihò bá ihò mu, àárín bá àárín mu. Prado àti Hilux, 139.7 àti 106 ni àwọn méjèèjì. Ó wọlé bí ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀yin ará, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Nọ́ọ̀tì méjì tó sọnù, mo ti ra méjì dípò wọn nílé ìtajà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n wọ orí bóòtù dáadáa, wọ́n fún pinpin. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "kó, kó, kó" lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Bí mo bá sáré, ohùn náà á parẹ́. Bí mo bá rọra, á padà dé. Mo dúró. Nọ́ọ̀tì tuntun méjèèjì, ọwọ́ lásán ni mo fi tú wọn. Ẹnu ihò tí wọ́n wà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, èérún álọ́ì funfun wà lẹ́nu ihò bí ìyẹ̀fun.

Mo gbé nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan àti tuntun kan sójú kan, ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ti àtijọ́ ní wọ́ṣà pẹlẹbẹ nídìí, ọrùn rẹ̀ gùn díẹ̀ wọnú ihò. Orí wọ́ṣà yẹn ló fi ń jókòó sára álọ́ì. Tuntun, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ríìmù onírin ni wọ́n ṣe é fún, torí ẹnu ihò ríìmù onírin dà sínú bí àwo. Tí ẹ bá fi ẹlẹ́nu ṣóńṣó dé ojú pẹlẹbẹ, etí ihò nìkan ló fara kàn, bí ẹ ti ń rìn ló ń jẹ wọlé, tó ń tú. Bóòtù kan náà ni, ìlà inú nọ́ọ̀tì tó ń yí wọ bóòtù náà kan náà, ìdí nìyẹn tó fi ń fún tí èèyàn fi ń rò pé ó dára. Tí kì í bá ṣe pé mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí kò sí ariwo tó gba etí mi, kí ni ǹ bá sọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú:

Bàbá Kajú, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ló yọ yín. Tèmi ò burú tó tiyín, ṣùgbọ́n ó jẹ mí lówó.

Ọkọ mi tó di olóògbé ló fi Land Cruiser 100 kan sílẹ̀ fún mi, èyí tó jáde ní 2001. Òun ni mo fi ń kó oúnjẹ ẹja lọ sí ibi kòtò ẹja wa lápá etí omi, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń dé àárín ẹsẹ̀ mọ́tò nígbà òjò. Ríìmù méjì ti wọ́ tí wọ́n ti lù wọ́n títí, afẹ́fẹ́ kì í dúró nínú wọn mọ́ju. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń ra afẹ́fẹ́ kí n tó jáde.

Oníhò márùn-ún ni tèmi. Ẹ̀yin oníhò mẹ́fà, ẹ tilẹ̀ lè fi tépù wọ̀n ọ́n láti ihò dé ihò tó kọjú sí i. Márùn-ún kò ní ẹnìkejì níwájú, òfìfo ló kọjú sí ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ lè fi tépù pa ìtàn fún yín. Oníhò márùn-ún sì pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn: ti Camry, ti RAV4, ti CR-V, mìlímítà 114.3 ni jíjìnnà ihò gbogbo ìwọ̀nyẹn. 150 ni Land Cruiser mi. Ní ọjà àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n ní kí n ra irin kan tí wọ́n máa ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù kí ti RAV4 lè wọ ọ́. Mo wo irin yẹn, mo wo àpò oúnjẹ ẹja tí mò ń gbé, mo ní ẹ ṣeun.

Ohun tí mo wá ṣe rèé, kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Mo ní kí ọmọ mi fi jáàkì gbé ọkọ̀, kó tú ẹsẹ̀ kan. Mo mú páálí indomie, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú họ́ọ̀bù pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Gíríìsì ẹnu họ́ọ̀bù ya òbìrí dúdú sí àárín páálí, àwọn bóòtù márùn-ún sì lu ojú rẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Mo fi abẹ gé òbìrí àárín yẹn kúrò, mo gún ibi bóòtù márààrún, mo tún un fi sórí họ́ọ̀bù láti rí i pé ó wọ̀. Páálí yẹn ni mo fi sínú báàgì lọ sí Ládípọ̀ ní Muṣin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ríìmù wá, mo kàn máa fi páálí lé e lórí ni. Tí kò bá bára mu, mo ti kọjá. Kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ̀rọ̀ gígùn.

Ọmọ ìta ọjà kan ló wá sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ wá ti Tundra." Mo ní ọkọ̀ Toyota mìíràn ni Tundra, òun kọ́ ni mo ní. Ó ní láti Tundra tó jáde ní 2007, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti Land Cruiser yín ọ̀kan náà ni. Páálí wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́. Ìdí tí ìyẹn fi dára ni pé Tundra pọ̀ nínú ẹrù tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, nígbà tí ríìmù Land Cruiser gan-an bá jáde, àwọn tó mọyì rẹ̀ ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Íńṣì 18 ni ríìmù Tundra, 16 ni tèmi. Nítorí náà mo ní láti ra táyà tuntun pẹ̀lú. Mo fẹ́ ra méjì kí n fi méjì àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, mẹkáníìkì ní rárá, ọkọ̀ yìí kì í sinmi fọ́ọ̀-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń fà ní gbogbo ìgbà. Tí ẹsẹ̀ iwájú bá ga ju tẹ̀yìn lọ, wọ́n á máa fa ara wọn lábẹ́ títí tí nǹkan á fi gbóná nínú gíà kékeré tó pín agbára fún wọn. Ẹ mọ iye tí gíà yẹn ń jẹ́. Mo gbé ọkọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé oúnjẹ ẹja, títí owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé. 275/60R18 ni mo rà. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 275/70R16 tó wà ní sípíà mi, mìlímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn, nítorí náà sípíà àtijọ́ náà ṣì wúlò.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mi ò tún ra afẹ́fẹ́ láàárọ̀.

Fọ́kanáísà Àgbà, Ṣakí:

Ẹ kú àjọsọ o. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tí Bàbá Kajú sọ, torí ọ̀pọ̀ ni kì í gbà bí a bá wí. Ẹ tún fi èyí kún un: tí wọ́n bá ti de ẹsẹ̀ tuntun fún yín, ẹ rìn tó nǹkan bí kìlómítà 100, kí ẹ tún fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà. Kí wọ́n máa de é ní ìdàkejì-ìdàkejì, kí wọ́n má ṣe tọ̀ ọ́ po.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá táyà jìjàkadì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ríìmù tòkunbọ̀, kó má wo iwájú rẹ̀ rárá. Iwájú ni wọ́n máa ń fín lọ́dà. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wo etí ẹ̀yìn tó máa ń kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ni kòtò ti máa ń kọ́kọ́ mú un, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń jó o. Ojú irin jíjó máa ń wú díẹ̀, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò rìn ín po pẹ̀lú ojú dídì, ẹ óò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró lórí ìka kan, kí ẹ fi sípánà kan etí rẹ̀. Èyí tó pé á dún gooro, á sì pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó kú. Èyí tó sán á dún bí ìgbà téèyàn lu igbá tó là. Mo ti fi etí yìí kọ ríìmù mẹ́fà nínú mẹ́jọ tí oníbàárà kan kó wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Táyà ńkọ́? Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọkùnrin kan gbé táyà jíìpù mẹ́rin wá fún mi lọ́dún tó kọjá, òdòdó rẹ̀, ìyẹn ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀, ṣì ga, wọ́n ti fi nǹkan ra á lára, ó dúdú bí èédú. Ojú tó kọ nọ́ńbà sí wà lẹ́yìn, mo tan iná sí i: 0811. Mo ní ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá rèé. Ó ní òdòdó rẹ̀ ṣì wà. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là lára rẹ̀ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí n ṣáà dè é. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un, mi ò dè é. Ẹlòmíràn dè é fún un. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni ọ̀kan ti bẹ́. Ọkọ̀ náà gorí koríko, ìyàwó rẹ̀ fi apá pa. Wọ́n yè é, mo dúpẹ́.

Ìjọba ti fòfin de kíkó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré àti jíìpù wọ orílẹ̀-èdè wa, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó kún ọjà. Tuntun wọ́n. Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà nílé níbí, Dunlop n'Íkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Michelin ti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní 2007, Dunlop náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣì ń rántí bí táyà Íkẹjà ṣe máa ń rùn nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bébà lára rẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Birmingham:

Ẹ̀gbọ́n mi Bàbá Kajú, ẹ̀yin nìkan kọ́. Níbí náà, mo jẹ irú ìyà yẹn.

Jíìpù Land Rover Defender 1996 ni mo rà, mò ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí bàbá mi nílé fún oko. Ríìmù onírin rẹ̀ ti jẹ tán, iyọ̀ tí wọ́n máa ń da sójú títì nígbà òtútù ló ń bá a jẹ. Mo rí ríìmù álọ́ì márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Discovery, owó rẹ̀ rọjú. Wọ́n ṣáà ní Land Rover kan náà ni. Mo wakọ̀ wákàtí méjì lọ gbé e. Discovery ìran kejì ni, mìlímítà 120 ni jíjìnnà ihò rẹ̀. Defender mi, 165.1. Bóòtù kan wọlé, ìkejì ń wo odi. Discovery ìran àkọ́kọ́ ló ń bá Defender àtijọ́ mu, ìyẹn ni mo padà rí lẹ́yìn oṣù kan, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ti tú tirẹ̀ tà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì yẹn náà, gbọnrangandan ló rí lára Land Rover: nọ́ọ̀tì onírin yàtọ̀, nọ́ọ̀tì álọ́ì yàtọ̀. Mo ra ogún nọ́ọ̀tì álọ́ì tuntun, mo sì fi nọ́ọ̀tì onírin márùn-ún sínú àpò kan, mo so ó mọ́ sípíà, torí onírin ni mo fi sípíà sílẹ̀ sí. Bàbá mi kò gbọ́dọ̀ máa wá nọ́ọ̀tì nínú òkùnkùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Awakọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo rí ríìmù Hilux tuntun, íńṣì 17. Ti ọ̀gá mi jẹ́ 2008 bíi ti Bàbá Kajú, íńṣì 16. Ṣé ó lè wọ̀ ọ́?

Fọ́kanáísà Àgbà, Ṣakí:

Á wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ihò rẹ̀ kan náà, àárín rẹ̀ kan náà. Táyà 265/65R17 ni kí ẹ fi sí i. Gíga rẹ̀ àti ti 265/70R16 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, nǹkan bíi mìlímítà 776 sí 777, aago tó ń ka eré ọkọ̀ kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí ó pé mẹ́rin, kí ẹ má fi 16 sí apá kan, 17 sí apá kejì. Tí ẹnì kan bá sì gbé ti Nissan Pathfinder 2005 tàbí Navara ìgbà yẹn wá, pé oníhò mẹ́fà ni, ẹ dá a lóhùn pé 114.3 ni jíjìnnà ihò ìyẹn.

Bàbá Kajú, Ìgbòho:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ti gé páálí tèmi lónìí, mo kọ "Hilux" sára rẹ̀, ó wà lábẹ́ ìjókòó. Mo sì ti sọ sípíà kalẹ̀, mo fi gíríìsì ra ṣéènì rẹ̀ láti òkè délẹ̀, mo ní kí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ yí i títí ó fi rọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ríìmù Pajero yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, íńṣì 16, mo ti kàn án, ó dún gooro. Mo tún wádìí, ó máa wọ Mitsubishi L200 náà, torí 67 ni àárín tiẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì ní agbègbè Òkè-Ògùn, kó gé páálí họ́ọ̀bù rẹ̀ wá kí a jọ fi lé e lórí. Bó bá wọ̀, 25,000 ni n ó gbà.